Ibà Ni A Pè É

Ẹ̀gbọ́n mi kì í bọ́ bàtà mọ́. Ohun àkọ́kọ́ tí mo rí nìyẹn. Mo sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tí mo fojú ara mi rí, nítorí pé ohun tí mo gbọ́ àti ohun tí mo kàn rò pọ̀ jù ú lọ. Ó máa ń ti ibi iṣẹ́ dé, yóò jókòó sórí àga onígi tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, yóò sì wà níbẹ̀ tòun ti bàtà ọlọ́pàá lẹ́sẹ̀, títí ìyàwó rẹ̀ á fi gbé oúnjẹ wá, títí oúnjẹ náà á fi tutù. Tẹ́lẹ̀, láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ti máa ń tú okùn bàtà, á máa pariwo pé kí wọ́n tètè gbé omi wá kí òórùn ẹsẹ̀ òun tó lé gbogbo ará bárékè jáde.

Sájẹ́ńtì ni. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mò ń gbé ní bárékè kan ní Abẹ́òkúta láti ìgbà tí mo ti parí yunifásítì tí mo sì ń wá iṣẹ́. Yàrá kan àti pálọ̀ ni wọ́n fún un. Èmi ń sùn ní pálọ̀, ẹni tó bá sì ń sùn ní pálọ̀ ló máa ń mọ ẹni tí oorun kò kùn nínú ilé. Mo mọ̀ pé kì í sùn.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dúró lójú ọ̀nà tó lọ sí Ọdẹ́dà, kí wọ́n máa yẹ ọkọ̀ wò. Ọkọ̀ akẹ́rù kan tí bíréèkì rẹ̀ já ti pa ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ náà níbẹ̀, ní ìṣojú rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n rán an padà síbẹ̀ gan-an, nítorí pé kò sí ẹlòmíì tí wọ́n lè rán. Wọ́n ti da iyanrìn sí ojú ọ̀nà. Orí iyanrìn náà ló dúró sí.

Mi ò lè sọ pé ikú yẹn ló fà á. Kí ó tó ṣẹlẹ̀ ni oorun ti kọ̀ ọ́. Mi ò sì lè sọ pé ìsinmi tí wọ́n fagi lé nígbà ìdìbò ló fà á, tàbí pípè tí wọ́n máa ń pè é padà ní kété tó bá dé ilé. Àwọn ọlọ́pàá míì wà ní bárékè wa tí gbogbo nǹkan wọ̀nyí ṣẹlẹ̀ sí, tí wọ́n ṣì ń pariwo bọ́ọ̀lù. Àmọ́ mi ò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú yàrá tiwọn náà. Ohun tí mo lè sọ kò ju pé àwọn nǹkan náà tò lé ara wọn, ọkùnrin kan ló sì wà lábẹ́ gbogbo wọn.

Ní ọjọ́ kan, mo bá ìyàwó rẹ̀ níbi ẹ̀rọ omi, ó ń fọ yunifọ́ọ̀mù ọkọ rẹ̀. Ó pè mí mọ́ra.

"Ọkọ mi, ẹ̀gbọ́n yín bi mí ní nǹkan kan láàárọ̀ yìí."

"Kí ni wọ́n bi yín, Àǹtí?"

"Wọ́n ní tí àwọn ò bá sí, ṣé màá lè dá tọ́jú ilé. Mo ní níbo ni wọ́n ń lọ, ṣé wọ́n ti gbé wọn lọ sí Àbújá ni, kí n tètè di ẹrù mi. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwọn kàn ń béèrè ni."

Ó fún ṣòkòtò náà, ó tún un fún, kò sí omi kankan nínú rẹ̀ mọ́, ó ṣì ń fún un.

Mo ti kà á níbì kan pé bíbéèrè lọ́wọ́ èèyàn bóyá ó ń rò láti pa ara rẹ̀ kì í gbin èrò náà sí i lọ́kàn. Mo gbà á gbọ́, nítorí pé ẹni tí kò rò ó á kàn sọ pé òun ò rò ó. Nítorí náà, ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan tí kò lọ síbi iṣẹ́, mo lọ bá a lábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn bárékè. Ó ń fi àkísà nu fìlà iṣẹ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan."

"Ọ̀mọ̀wé, bi mí. Èmi tí mò ń bi àwọn awakọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, ẹnì kan gbọ́dọ̀ bi èmi náà."

"Ṣé ẹ ń rò láti pa ara yín?"

Kò dáwọ́ dúró. Ó ń nu fìlà náà lọ. Ó ní, "Ṣé bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn ní yunifásítì nìyẹn?"

Ó gbé fìlà náà lé orúnkún.

"Kì í ṣe èmi ni mò ń rò ó. Òun ló ń rò mí. Mo fẹ́ sinmi ni, ó ti pẹ́. Kì í sì í ṣe irú ìsinmi tí ọ̀gá ń fọwọ́ sí."

Mo ní kí ó jẹ́ ká lọ rí dókítà. Ó ní dókítà wo. Mo ní àwọn tó ń tọ́jú irú nǹkan yìí, àwọn tó wà ní Arò. Ó rẹ́rìn-ín nígbà náà, ẹ̀rín tòótọ́ tí mi ò tíì gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

"Arò. Ṣé kí n wọ yunifọ́ọ̀mù lọ ni, àbí kí n wọ aṣọ ilé?"

Ẹni tí kì í ṣe ará ìlú wa lè má mọ ìdí tó fi rẹ́rìn-ín. Àdúgbò kan ni Arò. Àwọn èèyàn ń kọ́lé síbẹ̀, wọ́n ń ta búrẹ́dì níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé ilé ìwòsàn fún àìsàn ọpọlọ wà níbẹ̀, orúkọ náà ti di èébú. Ọmọ tó bá ṣe wérewère, wọ́n á ní Arò ló kù tí wọ́n máa mú un lọ. Mo mọ èèyàn méjì tí wọ́n gba ìtọ́jú níbẹ̀ tí ara wọn dá, tí wọ́n ń bá iṣẹ́ wọn lọ. Àwọn méjèèjì ló ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn: ẹni tí ara rẹ̀ dá á dákẹ́, ẹni tí ara rẹ̀ kò dá ni gbogbo ìlú ń rí, àwọn èèyàn á sì gbà pé kò sí ẹni tí ara rẹ̀ ń dá níbẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ pe ìyá wa. Màmá wá láti Owódé, níbi tó ti ń ṣe gààrí, àwa mẹ́ta sì jókòó nínú yàrá nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wà lẹ́nu iṣẹ́. Mo sọ ohun tó sọ fún mi. Mo tún sọ ọ̀rọ̀ Arò. Màmá fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀ bíi pé òun ló sọ ọ́.

"Ọmọ tèmi? Ọmọ tí mo bí?"

"Màmá, ilé ìwòsàn ni."

"Mo mọ̀ pé ilé ìwòsàn ni. Mo bi ọ́ o, ìwọ tó kàwé: ọlọ́pàá tí wọ́n bá mú lọ sí Arò, ta ló tún máa fún un níbọn?"

"Kò sí."

"Ẹni tí wọn ò fún níbọn, ṣé ọlọ́pàá ni?"

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló rí, Màmá."

"Ẹni tí kì í bá ṣe ọlọ́pàá, ṣé á máa gbé bárékè? Ìyàwó, ibo lẹ máa kó sí?"

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi wo ilẹ̀. Mo wá ibi tí àlàyé náà ti yẹ̀, mi ò tètè rí i. Kì í ṣe pé mo gbà pé òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Òfin lè sọ nǹkan míì. Ṣùgbọ́n èmi náà kò mọ ẹnì kan ní bárékè wa tó ti sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀gá rẹ̀ tó sì ṣì wà níbẹ̀.

Màmá ló wá sọ ohun tí a máa ṣe. Ó ní ara rẹ̀ gbóná, àbí kò gbóná? Ó ní kì í jẹun, kì í sùn, orí ń fọ́ ọ. Kí ni wọ́n ń pe ìyẹn tẹ́lẹ̀? Ibà. Ó ní ká mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà kan tí òun mọ̀ ní ìtòsí Ìtọ̀kú, kí ó fún un ní ìsinmi, kí ó sùn dáadáa.

Ohun tó ṣòro fún mi láti ṣàlàyé ni pé kì í ṣe irọ́. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n sì rí ibà níbẹ̀. Mo rò pé bí wọ́n bá yẹ tèmi wò ní ọjọ́ náà, wọn ì bá rí i níbẹ̀ pẹ̀lú. Dókítà náà kọ ohun tó rí. Kò sí ẹni tó bi í ní nǹkan míì. Wọ́n fún ẹ̀gbọ́n mi ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan.

Ibà jẹ́ àìsàn tí gbogbo èèyàn mọ bí wọ́n ṣe ń kí i. Bárékè kún fún "ẹ pẹ̀lẹ́" ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Ọ̀kan mú ọsàn wá, òmíràn mú ewé ìbẹ́pẹ wá. Màmá se àgbo sínú ìkòkò ńlá, ewé tíì àti èèpo ọ̀pẹ òyìnbó wà nínú rẹ̀, ilé wa ń ta sánsán títí dé ojú títì. Ọlọ́pàá tó ń gbé yàrá tó tẹ̀lé tiwa, aláwàdà ni, ó máa ń yọjú láràárọ̀.

"Sájẹ́ńtì, ibà yìí láyà o. Ṣé kò mọ̀ pé ọlọ́pàá ni yín ni?"

"Mo sọ fún un," ẹ̀gbọ́n mi á ní. "Ó ní kí n fi ìwé hàn án."

"Ẹ jẹ́ ká tì í mọ́lé. Kò gbọdọ̀ ní béèlì."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi á gbé ife àgbo náà, á mu ún tán, á da ife dé kí màmá rí i pé kò ku nǹkan kan. Ó ń ṣe ohun gbogbo tí a ní kí ó ṣe. Ó sùn díẹ̀. Màmá padà sí Owódé pẹ̀lú ọpẹ́ lẹ́nu. Ọkàn tèmi kò balẹ̀, nítorí pé mo rí i pé oògùn ibà ń wo ibà sàn, a ò sì tíì fún ohun kejì ní oògùn kankan. Ìgbà tí ọ̀sẹ̀ náà bá sì pé, ibà ní láti lọ, kí ẹ̀gbọ́n mi padà sójú ọ̀nà.

Mo lọ rí ọ̀gá tó ń darí àgọ́ ọlọ́pàá wọn. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi mọ̀ pé mò ń lọ. Obìnrin ni ọ̀gá náà. Fáànù ọ́fíìsì rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ó sì ti bọ́ bàtà rẹ̀ sábẹ́ tábìlì.

"Àbúrò sájẹ́ńtì. Ibà yẹn ńkọ́?"

"Mà, kì í ṣe ibà nìkan."

Ó wo ilẹ̀kùn. Mo tì í. Mo sọ ohun tí ẹ̀gbọ́n mi sọ lábẹ́ igi máńgòrò, bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, mi ò fi kún un.

"Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́ fún ẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ṣé á sọ ọ́ fún èmi?"

"Mi ò rò bẹ́ẹ̀, mà."

"Èmi náà ò ní sọ ọ́ fún ọ̀gá tèmi." Ó wá bàtà rẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ lábẹ́ tábìlì, kò rí ọ̀kan, ó fi í sílẹ̀. "Ṣé o rò pé òun nìkan ni? Bí mo bá ní kí gbogbo ẹni tó ti rẹ̀ dá ìbọn padà, ìwọ àti ìyá ẹ lẹ máa lọ dúró lójú ọ̀nà Ọdẹ́dà."

Lẹ́yìn náà ó ní òun á fi ẹ̀gbọ́n mi sí káńtà, níbi tí wọ́n ti ń gba ẹ̀sùn, níbi tí kò ti ní gbé ìbọn. Òun á sọ fún àwọn tó kù pé ibà náà kò tíì lọ tán. Ó ní ìyẹn lohun tí òun lè ṣe láì sọ ọ̀rọ̀ tó máa bà á jẹ́. Kí àwa wá bí a ṣe máa mú un lọ síbi tó yẹ.

"Ṣùgbọ́n gbọ́ mi dáadáa," ó ní. "Ara rẹ̀ kò tíì le. Kí gbogbo ará ilé yín máa sọ bẹ́ẹ̀. Tí ẹnì kan bá ní ó ti le, kò sí ohun tí mo fẹ́ dì mú mọ́."

Ìyẹn ni ìrètí kan ṣoṣo tí a ní, mo sì rò nígbà náà pé ó tó. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ síí jókòó ní káńtà. Aládùúgbò wa ní sájẹ́ńtì ti di akọ̀wé, ibà ti gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń rẹ́rìn-ín sí i, ṣùgbọ́n mo rí i pé ẹ̀rín náà ń dín kù. Ìyàwó rẹ̀ ní òun á ṣàlàyé fún màmá nígbà tó bá wá, pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí fóònù.

Màmá kò kọ́kọ́ wá sílé. Nílé wa, bí ara aláìsàn bá dá, wọ́n gbọ́dọ̀ lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó béèrè rẹ̀, ibi iṣẹ́ ni wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ lọ. Ọkọ̀ tó gbé e láti Owódé sì ń gba iwájú àgọ́ náà kọjá. Ìgbà tí mo gbé oúnjẹ ọ̀sán dé fún ẹ̀gbọ́n mi, mo bá màmá níbẹ̀ níwájú káńtà, gèlè rẹ̀ dúró dáadáa, àpò gààrí kan àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, gbogbo ọlọ́pàá ló yí i ká.

"Mo wá dúpẹ́ ni," ó ń sọ. "Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni."

"Màmá, ẹ rọra," aládùúgbò wa ní. "Ọlọ́ṣà wà nínú àhámọ́ níbẹ̀ yẹn, ẹ má jẹ́ kó gbọ́."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, títí kan ẹnì kan nínú àhámọ́. Ọ̀gá wọn gbọ́ ariwo náà, ó jáde. Màmá kúnlẹ̀ kí i, ó ní Ọlọ́run á tọ́jú ọmọ tirẹ̀ náà, ibà ti lọ pátápátá.

"Màmá, ẹ ṣé," ọ̀gá náà ní. "Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò tíì le tán."

Mo rí i tí ojú màmá yí padà. Ohun tó gbọ́ ni pé wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ síí sọ pé ọmọ òun kò wúlò mọ́.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ wò ó bó ṣe ń dán. Ẹ bi í, ó wà níbẹ̀ yẹn."

Gbogbo ojú yí sí i. Ọ̀gá náà ní, "Sájẹ́ńtì, báwo lara?"

Ẹ̀gbọ́n mi dìde lẹ́yìn káńtà. Ó na ara rẹ̀ tán, ó sì kí ọ̀gá rẹ̀ bí ọlọ́pàá ṣe ń kí ọ̀gá.

"Ara mi le, mà."

Ọ̀gá náà wò mí. Ẹ̀gbọ́n mi náà wò mí. Bí mo bá sọ ọ́ níbẹ̀, níwájú gbogbo wọn, á jẹ́ pé ohun tó ń bẹ̀rù jù lọ ni mo fẹ́ fi wò ó sàn. Mo gbé oúnjẹ rẹ̀ lé orí káńtà. Ní ọjọ́ kejì, ó padà sójú ọ̀nà Ọdẹ́dà.

Ó gbà láti tẹ̀ lé mi lọ sí Arò lẹ́ẹ̀kan. Mo rò pé nítorí tèmi ló ṣe gbà, kì í ṣe nítorí ara rẹ̀. A wọkọ̀, òun nínú aṣọ ilé, fìlà bò ó lójú. Ìgbà tí a sọ̀ kalẹ̀ tí géètì ilé ìwòsàn náà ti hàn, obìnrin kan tó ń ta káàdì fóònù lábẹ́ agboòrùn pè é.

"Ọ̀gá ọlọ́pàá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀yin lẹ bá mi gba fóònù mi padà nígbà yẹn. Ta lẹ wá wò níbí?"

"Ẹnì kan ni," ẹ̀gbọ́n mi dáhùn.

"Ọlọ́run á fún wọn ní àlàáfíà o."

"Àmín."

Ó dúró bá a sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó ra káàdì. Lẹ́yìn náà ó yí padà, ó rìn lọ síbi tí ọkọ̀ tó ń padà lọ sílé wà. Mo tẹ̀ lé e. Nínú ọkọ̀, àwọn ọkùnrin méjì ń sọ̀rọ̀ nípa ọlọ́pàá kan tí wọ́n gbọ́ pé ó pa ara rẹ̀ ní ìlú míì. Èkíní ní ẹ̀san ni, owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ awakọ̀. Èkejì ní ká jẹ́ kí wọ́n máa kú lọ, wọ́n ṣì pọ̀. Mi ò mọ ẹ̀rí tí èkíní ní. Ẹ̀gbọ́n mi ń wo ìta láti ojú fèrèsé. Ó sọ fún mi nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀ pé àwọn ọkùnrin náà kò purọ́ jù, pé ó dára kí èèyàn mọ iye tí òun jẹ́ lọ́jà.

Mo ti rí iṣẹ́ báyìí, mo sì ti kó kúrò ní bárékè. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní Alábàtà. Ibi tí ẹ̀gbọ́n mi ń dúró sí kò jìnnà sí ibi tí ọkọ̀ wa ti ń yà, mo sì máa ń rí i láràárọ̀ lójú ọ̀nà. Mo máa ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Awakọ̀ á ní, "Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o." Á na ọwọ́ pé kí ọkọ̀ máa lọ. Bí ó bá rí mi, á béèrè bóyá mo ti jẹun. Mo máa ń wẹ̀yìn títí a fi yà. Mi ò ní ẹ̀rí kankan pé ohun tí mò ń bẹ̀rù máa ṣẹlẹ̀, mi ò sì ní ẹ̀rí kankan pé kò ní ṣẹlẹ̀. Ohun tí mo máa ń ní ni pé mo rí i lọ́jọ́ yẹn.

Láàárọ̀ àná mi ò rí i. Ẹlòmíì ló dúró níbẹ̀. Mo pe ìyàwó rẹ̀, ó pẹ́ kó tó gbé fóònù náà.

"Wọ́n wà nílé, ọkọ mi," ó ní. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Wọn ò lè dìde láàárọ̀. Wọ́n jókòó sórí àga yẹn. Mo ti ránṣẹ́ sí ọ̀gá wọn."

"Kí lẹ sọ fún wọn?"

Mo gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi lẹ́yìn rẹ̀, ó ń bi í pé ta ni. Lẹ́yìn náà ó ní kí ó gbé fóònù náà wá.

"Ọ̀mọ̀wé."

"Ẹ̀gbọ́n."

"Má dààmú ara ẹ. Màmá ti ń kó ewé bọ̀ láti Owódé." Ó mí sínú fóònù náà. "Tí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́, ibà ni."